Ìkẹ́dùn Ẹgbẹ́ Olùsìn Ọ̀yà lórí Ikú Dáúdà Súbérù, àti Ọ̀rọ̀ Káńfọ̀ Tí Mo Fi Pamọ́

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Olùsìn Ọ̀yà, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́,
Lásunwọ̀n, Ìkòròdú.
Láti ọwọ́ Ìbíjọkẹ́ Ajíbóyè, Alága.

Sí ìdílé Súbérù, Ẹ̀pẹ́: Alàgbà Hussein tí í ṣe ẹ̀gbọ́n olóògbé, Sèlíátù aya rẹ̀, àti Hafeezah ọmọ rẹ̀.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìtìjú tí ó tó lé àgbà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni mo fi mú bírò yìí. Orúkọ ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹjọ́ ara mi sùn yín. Èmi ni mo ki káńfọ̀ sí abẹ́ kéèjì àwọn ọ̀yà Dáúdà. Àwọn ẹran náà kò ṣọ̀fọ̀. Olóògbé kò pè wọ́n. Èmi, ìyá arúgbó ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, tí mo ti ń sin ọ̀yà fún ọdún mẹ́rìnlá, tí wọ́n sì fi mí jẹ alága nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè pariwo jù mí lọ nínú ìpàdé, èmi ni mo pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọjọ́ keje tí a sin Dáúdà ni, fídáù ku ọ̀la. Mo wá bá yín dáná. Mo rí i pé ẹ̀yìnkùlé gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọ̀yà, ni ẹ fẹ́ to àga àwọn àfáà àti àwọn èèyàn ńláńlá sí. Òórùn ìtọ̀ ń bẹ níbẹ̀, n kò ní parọ́, nítorí ọ̀yà kì í tọ lọ́fíńdà. Ojú tì mí fún yín. Mo ká ìró mi sókè, mo kó gbogbo koríko inú kéèjì, mo sun ún. Mo fi ọṣẹ bó pákó, mo da oògùn apakòkòrò sí i. N kò dúró síbẹ̀. Mo di káńfọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta sínú àkísà, mo sì ki wọ́n sí abẹ́ pákó àti sínú ihò búlọ́ọ̀kù, bí mo ti máa ń ṣe sí àpótí aṣọ mi láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Mo padà sí ìdí ìkòkò, mo ń yin ara mi. Sèlíátù tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ọjọ́ kejì kò sí ẹni tí ó fura. Báwo ni wọn yóò ṣe fura? Gbogbo ẹni tí ó wá ni ó yọ aṣọ ńlá láti inú àpótí. Káńfọ̀ ń run lára agbádá, ó ń run lára gèlè, ó ń run lára èmi fúnra mi. Ta ni yóò mọ èyí tí ó ti ara àlejò wá àti èyí tí ó ti abẹ́ ilé ọ̀yà wá? Ẹni tí ó mọ̀ kò lè sọ̀rọ̀, nítorí imú ọ̀yà ni ó mọ̀ ọ́n, ohùn rẹ̀ ni káńfọ̀ sì gbà.

Kí ẹni tí kò bá sin ọ̀yà rí nínú ẹbí lè mọ ìdí tí mo fi ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi báyìí, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí Dáúdà ṣe fún wa. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ó fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Èbúté Ìkòròdú kí ó tó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ní èbúté yóò rántí pé kì í tú ẹ́ńjìnnì kí ó tó mọ àrùn rẹ̀. Yóò ní kí wọ́n tan án, yóò di ojú, yóò gbọ́ ọ. Yóò ní, "Púlọ́ọ̀gì kejì ni." Ibẹ̀ náà ni yóò sì já sí. Etí yìí ni ó gbé wọ inú iṣẹ́ ọ̀yà, òun ni ó sì fi sọ wá di èèyàn.

Kí ó tó dé, ṣe ni a kàn máa ń ti akọ wọlé tọ abo bí ìgbà tí a ń ti ọ̀lẹ lọ sóko. Abo tí kò bá tíì ṣe tán kì í bẹ̀bẹ̀, eyín ni ó ń fi fèsì. Ní ọdún kan ṣoṣo, akọ mẹ́rin ni ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé àwọn akọ tèmi ni kò mọ bí a ṣe ń bá obìnrin sọ̀rọ̀. Àṣé èmi tí mo ń ṣe alárinà ni n kò mọ nǹkan kan.

Dáúdà ni ó kíyè sí i pé nígbàkígbà tí òun bá kó koríko tí abo tọ̀ sí kọjá níwájú kéèjì akọ, akọ náà yóò gbé imú sókè, ìrù rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ohùn kan yóò sì jáde, fíì, fíì, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí táyà kẹ̀kẹ́ ń jò. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́jọ ni ó fi dán an wò. Ó fi aṣọ bo ojú kéèjì kí akọ má baà rí abo rárá. Ó gbé koríko tuntun tí nǹkan kan kò kàn síwájú rẹ̀, akọ kò dá a lóhùn. Ó gbé koríko tí abo tọ̀ sí láti àná, akọ gbóòórùn rẹ̀, ó padà sí ìdí eèsún rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́. Ó gbé èyí tí abo ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ sí ní òwúrọ̀ yẹn, akọ kọrin. Ó tún rí i pé ọmọdé akọ tí kò mọ abo rí, bí o bá gbé òórùn náà fún un láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní kọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bá abo gbé lẹ́ẹ̀kan, láti ọjọ́ náà lọ, òórùn yóò máa pe ohùn lẹ́nu rẹ̀. Dáúdà a máa sọ pé, "Òórùn ni ó ń kan ilẹ̀kùn, ẹni tí ó bá ti mọ àlejò rí ni ó ń dáhùn."

Mo rántí ọjọ́ tí ó gbé e wá sí ìpàdé ní Lásunwọ̀n. Ó tẹ fóònù, orin ọ̀yà jáde. Ọláníyọnu ará Ìjẹdẹ̀, tí í ṣe káfíńtà, ni ó kọ́kọ́ la ẹnu: "Bàbá Hafeezah, ilẹ̀kùn ilé mi náà ń kọ orin yìí. Ṣé kí n wá ìyàwó fún un?" A rẹ́rìn-ín títí. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù, eyín tí dókítà fi sí mi lẹ́nu bọ́ sí orí ìwé ìpàdé. Dáúdà dúró títí a fi dákẹ́. Ó ní, "Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán. Ẹ lọ gbọ́ tiyín." Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ọláníyọnu fúnra rẹ̀ fi pè mí ní ìdájí, tí ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ìyá, ó kọ ọ́."

Bí òfin ẹgbẹ́ wa ṣe wáyé nìyẹn: kí akọ kọrin kí ó tó wọlé. Bí akọ bá gbóòórùn abo tí ó bá dákẹ́, a ó dúró. Bí ó bá kọrin, a ó ṣí ilẹ̀kùn. Láti ọdún mẹ́fà tí a ti ń tẹ̀lé e, ọ̀yà tí a pàdánù sí eyín abo kò pé márùn-ún nínú gbogbo ẹgbẹ́. Ọmọbìnrin kan wá láti yunifásítì pẹ̀lú ẹ̀rọ, ó ní apá kan ń bẹ nínú orin náà tí ó ga ju èyí tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́. A wo ẹnu Dáúdà. Ó ní èyí tí à ń gbọ́ yìí náà ti tó wa jẹun.

Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé ọdún tó kọjá. Àrùn wọ kéèjì wa ní Ìkòròdú, ó gbá wọn mọ́ tónítóní. Dáúdà kó ọmọ ọ̀yà sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń gbé e kiri láti ilé dé ilé. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Ó ní, "Ìyá, eékún yín yẹn, bí ẹ bá kúnlẹ̀ báyìí, ta ni yóò gbé yín dìde?" Ọmọ ọ̀yà wọ̀nyẹn ni a ní títí di òní. Àwọn akọ inú wọn kò tíì mọ abo, wọn kò sì tíì lè kọrin. Akọ tí ó mọ orin nínú gbogbo ẹgbẹ́ kò ju mẹ́ta lọ, ẹ̀yìnkùlé Dáúdà sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà.

Nítorí náà, nígbà tí Hafeezah pè mí ní ọjọ́ kẹrìnlá, tí ó ní, "Ìyá, wọn ò kọrin mọ́," òkèlè tí ó wà lẹ́nu mi di òkúta. Mo rántí káńfọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Kí ni ẹnu àgbàyà yìí wá sọ? Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ ní sùúrù, ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe." Ọ̀rọ̀ yẹn ni Alàgbà Hussein gbọ́. Ọ̀rọ̀ mi ni gbogbo ilé gbà gbọ́.

Alàgbà Hussein, ẹ kò jẹ̀bi. Ẹ kò sin ọ̀yà rí. Ní ogúnjọ́, ẹ ní bí wọn kò bá kọrin, kí wọ́n ṣáà bímọ. Ẹ gbé akọ tí ó tóbi jù wọlé tọ abo. Abo fà á ya, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ikú ẹran yẹn wà lọ́rùn mi. Ó wá ku akọ méjì. Ẹ bínú, ẹ ní dípò kí wọ́n máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a pa gbogbo wọn ní ọjọ́ ogójì, kí a fi ṣe sàráà fún olóògbé. Èrò rere ni fún ẹni tí kò mọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n Hafeezah ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní ọdún tó kọjá kí ó lè kọ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Bí a bá pa àwọn ọ̀yà wọ̀nyí, kí ni yóò padà sí? Kí sì ni Sèlíátù yóò máa gbọ́ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀?

Dípò kí n sọ òtítọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n arúgbó. Mo gé koríko tí abo tèmi tọ̀ sí, mo fi ewé wé e, mo gbé e sínú kúlà, mo wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú gba Ìtòìkín. Ọ̀nà yẹn kò mọ̀ pé ìtọ̀ kì í dúró de ènìyàn. Kí n tó dé Ẹ̀pẹ́, òórùn ti di ti àná, akọ kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbé abo náà gan-an sínú apẹ̀rẹ̀, mo gbé e lé itan. Ní Ìmọ̀tà ni ó ti tọ̀ sí mi lára láti ìbàdí dé orúnkún. Àwọn èrò ọkọ̀ ṣí fèrèsé. Obìnrin kan bi mí bóyá àìsàn ọjọ́ orí ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, ẹ bá mi fi í sínú àdúrà. Mo dé Ẹ̀pẹ́, n kò kí ẹnikẹ́ni, mo lọ gbé ìdí ti kéèjì akọ pẹ̀lú aṣọ tútù yẹn. Mo ń dúró kí ó kọrin sí mi. Ó ti pẹ́ tí akọ kankan ti súfèé nítorí mi, n bá sì gbà á lọ́wọ́ èyíkéyìí. Ó na imú, ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Káńfọ̀ ti dí i nímú. Kò gbóòórùn abo, kò gbóòórùn arúgbó.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, mo pe Hafeezah sí ẹ̀yìn ilé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó lọ mú tọ́ọ̀ṣì, ó dojú bolẹ̀, ó ń fi ọwọ́ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ pákó, èmi ń gbà á. Ìdì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a rí. N kò rántí iye tí mo ki síbẹ̀, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Bóyá a kó gbogbo rẹ̀ tán, bóyá ọ̀kan ṣì wà nínú ihò búlọ́ọ̀kù tí ọwọ́ kò dé. A fi omi lásán fọ ibẹ̀, a sá pákó sóòrùn, a tẹ́ koríko tuntun.

Òní ni ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Hafeezah pè mí ní àárọ̀ yìí pé akọ kékeré gbé imú sókè fún ìgbà pípẹ́, ọ̀fun rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń ronú bóyá èyí tí etí kò gbọ́ ni ó ń kọ. Mo tún ń ronú bóyá mo ti ba imú rẹ̀ jẹ́ títí láé. Mo ń dìde, mo ń jókòó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ó kù.

Nítorí náà ni ẹgbẹ́ wa, lẹ́yìn ìpàdé tí a ṣe lánàá, tí mo sì dìde jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn, fi ń bẹ̀ yín, Alàgbà Hussein, pé kí ẹ má pa àwọn ọ̀yà náà ní ọjọ́ ogójì. Ohun tí a ó fi ṣe sàráà wà lọ́rùn ẹgbẹ́: ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò mú adìẹ wá, àgbò yóò sì wá láti ọ̀dọ̀ èmi tí mo dá ẹ̀ṣẹ̀. Ọláníyọnu yóò dé lọ́la pẹ̀lú pákó tuntun tí oògùn kankan kò kàn rí. Yóò kan kéèjì méjì sí ìhà kejì ọgbà, jìnnà sí ibi tí mo bà jẹ́, kí àwọn akọ náà lè mí afẹ́fẹ́ tí ó mọ́. Àwọn ará Ìkòròdú yóò gbé abo wọn wá sí Ẹ̀pẹ́ fúnra wọn, wọn yóò sì sùn síbẹ̀ bí ẹ bá gbà wọ́n láyè, kí ìtọ̀ àárọ̀ lè jẹ́ ti àárọ̀. A ó máa gé eèsún wá. Kò sí ẹni tí yóò tún ti akọ tí kò bá kọrin wọlé, bí ó ti wù kí ojú kán an tó. Bí ó bá sì di pé wọn kò kọrin mọ́, èmi ni kí ẹ dá lẹ́bi, kí ẹ má dá ẹran lẹ́bi, kí ẹ má sì sọ pé òkú Dáúdà mú wọn lọ. Dáúdà kì í mú nǹkan ẹlòmíràn lọ.

Sèlíátù, ìyàwó wa, a mọ̀ pé o ṣì wà nínú ọjọ́ opó rẹ, o kò lè jáde wá bá wa. Ẹgbẹ́ yóò máa wá bá ọ. Ọkọ rẹ kọ́ àwa aláriwo láti máa dákẹ́ gbọ́ nǹkan, ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí wa kò rí kọ́ wa. Orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí òfin ẹgbẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹnìkan bá ṣì ń sin ọ̀yà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́.

Kí Ọlọ́run Ọba tí ó dá imú fún ọ̀yà, tí ó sì dá ìrántí fún ọmọ ènìyàn, dárí ji Dáúdà, kí ó sì fẹ̀ ẹ́ láyè nínú Àlùjánnà. Kí ó rọ̀ yín lọ́kàn, kí ó dúró ti Sèlíátù nínú ilé tí ó dá páropáro, kí ó fún Hafeezah ní ọkàn àti etí tí yóò fi ṣe iṣẹ́ náà, kí ó má sì fi ẹ̀ṣẹ̀ alága ẹgbẹ́ gba ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ fún yín. Àmín.

Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, nígbà tí a yọ káńfọ̀ tán, Hafeezah sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ ọkọ̀. Ó bi mí ní ìbéèrè kan. Ọkọ̀ dé, mo wọlé. Mo kọ ọ́ síbí bí ó ti sọ ọ́, kí gbogbo ẹbí àti ẹgbẹ́ lè mọ̀ pé wọ́n bi mí. Ó ní, "Ìyá, láti ọjọ́ kẹrìnlá ni Màámi ti ń gbé ẹkún mì. Wọ́n ní ẹkún àwọn ló ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀yà tí wọn ò fi kọrin. Tí ẹkún bá ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n á ki ìborùn bọ ọ́. Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹkún wọn ló pa àwọn ọ̀yà lẹ́nu mọ́. Ìyá, kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé e mì?"